Ẹyẹ Ìgbà Ọyẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó: Wíwò Ṣáájú Ìsọlórúkọ

Láti ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ RSPB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1889 láti máa dáàbò bo ẹyẹ, ti ń ṣe ètò ẹyẹ kíkà kan ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ní í kópa nínú rẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kópa yóò jókòó ti fèrèsé ilé rẹ̀ fún wákàtí kan, yóò máa wo ọgbà, yóò sì kọ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó bà síbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀. Kò sí ohun èèlò olówó ńlá nínú ètò náà. Ohun tí kò ṣeé má nìí níbẹ̀ ni orúkọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ orúkọ ẹyẹ kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kí ó tó kà wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Eruku ti bo ewé kòkó, koríko etí ọ̀nà ńlá tó ti Èkó lọ sí Bìní ti gbẹ, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń ṣán oko sílẹ̀ de iná. Ẹyẹ kò wọ́n níbẹ̀ ní àsìkò yìí. Lékeléke ń tẹ̀ lé màlúù, àwòdì ń ràbàbà lókè pápá tó ń jó, àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́yìn dúdú sì tò sórí wáyà iná. Olùkọ́ tó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde láti kà wọ́n ní èdè Yorùbá yóò bá ìbéèrè pàdé kí ó tó ka mẹ́wàá. Èwo nínú wọn ni ó ti ní orúkọ? Èwo ni orúkọ kan ṣoṣo ń dà pọ̀ mọ́ òmíràn? Èwo ni kò ní orúkọ tí ará ìlú mọ̀ rárá? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan. Wíwò ni í fi í hàn.

Ọyẹ́ àti ìgbà òtútù

Kí a tó dé orí ẹyẹ, ó yẹ kí a tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Àwọn atúmọ̀ èdè kan a máa lo “ọyẹ́” fún ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, oṣù tí méjèèjì ń bọ́ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà wọ́n yàtọ̀ pátápátá. Ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ru eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Ìgbà òtútù ní tirẹ̀ wá láti inú pé ayé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ti ń yí oòrùn po, tó fi jẹ́ pé apá àríwá ayé kì í rí oòrùn tó ní oṣù wọ̀nyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ju nǹkan bí wákàtí 8 lọ, nígbà tí ti Ọ̀rẹ̀ ṣì sún mọ́ wákàtí 12.

Ìyàtọ̀ yìí ló ṣàlàyé ìwà àwọn tó ń wo ẹyẹ lọ́hùn-ún. Ẹyẹ tí kò wọ̀n ju nǹkan bíi gíráàmù 11 lọ ní láti rí oúnjẹ tí yóò gbé e la òru oníwákàtí 16 já láàárín wákàtí 8. Nítorí náà ni àwọn onílé ṣe ń gbé èso gbígbẹ àti ọ̀rá kọ́ sínú ọgbà fún un. Àwọn ẹyẹ tí kòkòrò tó ń fò jẹ́ oúnjẹ wọn kò lè dúró de èyí, nítorí pé kòkòrò kò sí lójú òfuurufú mọ́. Wọ́n ní láti lọ síbi tí kòkòrò wà. Bí òǹkọ̀wé bá wá kọ ọ́ fún ọmọ ilé-ìwé pé ẹyẹ sá fún ọyẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì wá bá ọyẹ́ ní Ọ̀rẹ̀, ọmọ náà yóò béèrè pé kí ni ẹyẹ náà sá fún. “Ìgbà òtútù” ni ó tọ́ fún tọ̀hún, kí a fi “ọyẹ́” sílẹ̀ fún tiwa.

Ẹ̀rí ìrìnàjò àlọ-àbọ̀

Pé ẹyẹ ń ti Yúróòpù wá sí Áfíríkà kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1822 ni wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ funfun kan ní ẹ̀bá Klütz ní ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n sì bá ọfà ilẹ̀ Áfíríkà lọ́rùn rẹ̀. Ẹyẹ náà ti gba ọfà níhìn-ín, ó sì gbé e fò padà sílé. Òkú rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú ṣì wà ní Yunifásítì Rostock. Ní ọdún 1899, H. C. C. Mortensen, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka alumíníọ̀mù tó ní nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ẹyẹ, kí ẹni tó bá rí ẹyẹ náà níbòmíràn lè mọ ibi tó ti wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, John Masefield fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà ní Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn nínú ẹ̀rí yìí. Ní Ebbaken, ní ẹ̀bá Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ti ń wọ̀ sùn papọ̀ nínú koríko gíga ní ìgbà ọyẹ́, a sì ti rí èyí tó wọ òrùka Yúróòpù láàárín wọn.

Kí ni a ó pe ìrìnàjò yìí? Àwọn kan ń pè é ní “ìṣíkiri”. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí kò ní ibùdó kan mu, tó ń ti ibì kan bọ́ sí òmíràn bí koríko bá ti tán. Ẹyẹ tí à ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tó ń lọ, ó ní ibi tó ń padà sí, àkókò rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ púpọ̀. “Ìrìnàjò àlọ-àbọ̀” sún mọ́ òtítọ́ jù. Láti inú rẹ̀ ni a ti lè pe ẹyẹ tó wá tó sì lọ ní “ẹyẹ àlejò”, kí a sì pe èyí tí a ń rí yí ọdún po ní “ẹyẹ onílé”.

Orúkọ kan, ẹyẹ mẹ́ta

Gbogbo ènìyàn ló mọ orúkọ náà alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò ó fún ẹyẹ tó tẹ́ ìtẹ́ sí ilé Ọlọ́run, etí sì ń gbọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ó ti wù kí orísun rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró ní ìdí òpó iná ní àárín ìlú ní oṣù kejìlá ọdún, ó kéré tán ẹyẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lè rí tí orúkọ kan yìí ń gbé lẹ́rù.

Èkínní ni Hirundo rustica, ẹyẹ àlejò tí òrùka Masefield wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí aṣọ tó jinná nínú aró. Ọ̀fun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìrù rẹ̀ là jinlẹ̀ sí méjì. Kò wọ̀n ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Kì í tẹ́ ìtẹ́ níhìn-ín, nítorí Yúróòpù ló ń bímọ sí. Èkejì ni Hirundo aethiopica, tí iwájú orí rẹ̀ pupa tí àyà rẹ̀ sì funfun. Ẹrẹ̀ ni ó fi ń mọ ìtẹ́ sára ilé wa, ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà lábẹ́ òrùlé wa. Ẹ̀kẹta ni Apus affinis, ẹyẹ onílé tí gbogbo ara rẹ̀ dúdú àfi ọ̀fun àti ìdí rẹ̀ tó funfun. Ìrù rẹ̀ kò là. Ìyẹ́ àti pàǹtí ni ó ń fi itọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra láti fi ṣe ìtẹ́ sábẹ́ afárá àti òrùlé gíga.

Àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹbí wọn, bí ó tilẹ̀ jọ wọ́n. Àyẹ̀wò kan wà tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe láìlo awò kankan: ǹjẹ́ ẹyẹ náà lè bà sórí wáyà? Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń bà. Apus kì í bà, nítorí iwájú ni gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kọjú sí. Ara ògiri nìkan ni ó lè rọ̀ mọ́. Ní ọdún 2016, Anders Hedenström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní ilẹ̀ Súwídìn fi hàn pé ìbátan rẹ̀, Apus apus, lè wà lójú òfuurufú fún oṣù 10 nínú ọdún láìsọ̀kalẹ̀. Ẹyẹ tó rí báyìí yẹ ní orúkọ tirẹ̀. “Afòmábà” bá ìwà rẹ̀ mu, ìlànà ẹ̀dá-ọ̀rọ̀ tí ó sì fi wáyé kò ṣàjèjì sí Yorùbá.

Fún àwọn méjì tó kù, kò sí ìdí láti dá ọ̀rọ̀ tuntun. Láti inú ìwé tí Linnaeus tẹ̀ jáde ní ọdún 1758 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi orúkọ méjì pe ẹranko kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìran, èkejì sì ń tọ́ka sí ẹ̀yà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó ń yán orúkọ ni ó máa ń ṣíwájú. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìran ni ó ń ṣíwájú nínú Yorùbá, èyí tó ń yán an ni ó ń tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú Látìnì gan-an. “Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ọyẹ́” àti “alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilé” yóò dúró ṣinṣin níwájú Hirundo rustica àti Hirundo aethiopica láìyí ètò ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó bá ń wo Gẹ̀ẹ́sì kọ Yorùbá ni kì í rí àǹfààní yìí.

Ohun tí àwọn baba ti rí

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni àlejò ti ń wá. Ọ̀pọ̀ jùlọ lékeléke, tí orúkọ Látìnì rẹ̀ ń jẹ́ Bubulcus ibis, ń sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń padà sí àríwá bí òjò bá ti ń rọ̀ láti lọ bímọ. J. H. Elgood, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹranko ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe àlàyé irú ìrìnàjò yìí láàárín Áfíríkà nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Yorùbá so lékeléke pọ̀ mọ́ ẹfun bí ó ti so agbe mọ́ aró tí ó sì so àlùkò mọ́ osùn. Àwọn ọmọdé a sì máa bẹ lékeléke pé kí ó fún èékánná wọn ní funfun. Ẹfun yìí tọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀rí ẹni tó rí ẹyẹ náà ní àsìkò kan. Ní ìgbà ìbímọ, ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn lékeléke a máa pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ àpáta. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní àpèjúwe ẹyẹ yìí ní láti sọ àwọ̀ méjèèjì. Ó tún yẹ kí ó kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ni lékeléke: èyí tó ń dá rìn nínú odò, tí ẹnu rẹ̀ dúdú tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀yà mìíràn ni, “lékeléke odò” sì yẹ ẹ́.

Àwòdì náà ń wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń bímọ ní gúúsù, ó sì ń padà sí àríwá nígbà òjò. Òwe kan sọ pé àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹni tó pa òwe náà ti wo bí ẹyẹ ńlá ṣe ń gun afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti dín agbára rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òwe ni a lè fi ṣe àkọsílẹ̀. Èyí tó sọ pé òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń kìlọ̀ lé lórí. Ẹyin méjì ni òrofó sábà máa ń yé. Kí olùkọ́ gba òwe gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì lọ wò ó.

Àwọn onílé tó ń tán

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ onílé ni ó nira jù, nítorí pé àkókò ń lọ. Igbó ìpamọ́ ìjọba ní Olúwa, tó wà ní agbègbè Odìgbó, ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú igbó Ọmọ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Apá tó pọ̀ nínú igbó méjèèjì ni wọ́n gé tí wọ́n sì fi igi Gmelina, tí ó ti Éṣíà wá, rọ́pò rẹ̀, kí ó lè di ohun èèlò ìwé ṣíṣe fún ilé-iṣẹ́ Ìwopin. Oko kòkó àti àwọn agégẹdú sì ti mú èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. Ẹyẹ tó ń tẹ́ ìtẹ́ sínú ihò igi àgbà kò lè gbé inú igi tí a gbìn lánàá. Odídẹrẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìmúsìn àti títà rẹ̀ pẹ̀lú ìparun igbó mú kí iye rẹ̀ dínkù débi pé ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín ara wọn.

Ti igún burú ju èyí lọ. Yorùbá sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Síbẹ̀ ẹyẹ yìí, tó máa ń kún orí òrùlé ọjà ẹran tẹ́lẹ̀, ti di ohun tí a ń wá tì ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn tó ń lo ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn sì wà lára ohun tó fà á. Àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ ẹ̀dá tó wà ní bèbè ìparun. Òwe náà ṣì wà ní ẹnu. Ẹyẹ náà ni kò sí lókè mọ́. Bí orúkọ igún ṣe lè di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀ láìmọ ohun tó ń tọ́ka sí nìyí.

Orúkọ mìíràn kò tilẹ̀ ní òwe tí yóò gbé e ró. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ní Odìgbó, ní èdè Oǹdó àti ti Ìkálẹ̀, mọ ẹyẹ igbó ní ohùn, ní ìrìn àti ní oúnjẹ. Èyí tí a kò bá gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn yóò bá wọn lọ. Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ní ọdún 1958, Elgood ṣe àpèjúwe ẹyẹ kan nínú ìdílé ẹ̀gà, èyí tí a kò rí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ó fún un ní Malimbus ibadanensis. Ó rọrùn láti pè é ní “ẹ̀gà Ìbàdàn” lójú ẹsẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ mú àwòrán rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé etí igbó, kí a bi wọ́n bóyá ó ti ní orúkọ kí Elgood tó dé.

Ìlànà fún olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè

Láti inú ohun tí a ti rí, ìlànà mẹ́ta ló jáde. Bí ẹyẹ bá jẹ́ onílé, béèrè orúkọ rẹ̀ kí o tó dá òmíràn. Bí ó bá jẹ́ àlejò tí kò ní orúkọ, wò ó dáadáa kí o tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹyẹ pẹ́ńpẹ́ oníkùn àwọ̀ ìyeyè, tó ń rìn lórí pápá ìṣeré ilé-ìwé ní ìgbà ọyẹ́, Motacilla flava, kì í dúró láìju ìrù rẹ̀. Bí ìwádìí kò bá mú orúkọ àtijọ́ kan jáde fún un, “ajùrù” yóò tó o. Bí ẹyẹ kan kò bá sì dé ilẹ̀ wa rí, yá orúkọ rẹ̀ wá. Robin inú ìwé ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò di róbìnì. Kò yẹ kí a fi orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ wa bò ó mọ́lẹ̀, nítorí èyí yóò fún ẹyẹ tí ọmọ kò rí rí ní orúkọ ẹyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Àwọn tó ti ṣíwájú ti fi hàn pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Láti ọdún 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá darí, ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ti ẹyẹ ṣì kù.

Ilé-ìwé tó bá wà ní Ọ̀rẹ̀ tàbí Odìgbó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan ní òwúrọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Kí àwọn ọmọ kọ ọjọ́, ibi, àwọ̀ ẹyẹ, ohun tó ń jẹ àti ibi tó bà sí. Kí wọ́n kọ iye tó pọ̀ jù tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe àròpọ̀ gbogbo ìgbà tí wọ́n rí i, kí wọ́n má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí wọ́n gbé àpèjúwe náà lọ sílé, kí wọ́n béèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbà méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì kọ ọ́ bí àgbà náà ti pè é gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn. Ti olùkọ́ ni láti fi orúkọ Látìnì sí i ní ìkẹyìn, kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹyẹ ní Yunifásítì Jos tàbí níbòmíràn lè mọ ẹ̀yà tí à ń wí. Bí ilé-ìwé mẹ́wàá bá ṣe èyí fún ọyẹ́ mẹ́ta, àkọsílẹ̀ tí yóò wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe èdè-ìperí yóò ju ohun tí ìgbìmọ̀ kan lè fi jíjókòó dá sílẹ̀ lọ, yóò sì ti gba orúkọ díẹ̀ là lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ̀yìn.